Wọ́n Fi Ohùn Sàídátù Dẹ́rù Ba Ọmọ-Ọmọ Rẹ̀

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ nílé tí a ń gbé ní Awoyaya, Sàídátù ni orúkọ rẹ̀, mo sì ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti ń wẹ̀ níhòòhò létí ọ̀sà. Ẹja ló ń yan. Kò jẹ ọmọ ẹnikẹ́ni rí, kò sì fò rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dé orí igi láyé rẹ̀, igi àgbálùmọ̀ ni, ó sì já lulẹ̀ gbì, ọwọ́ rẹ̀ rọ́. Àjẹ́ wo ló ń já bọ́ lórí igi àgbálùmọ̀?

Abúlé kan náà ni wọ́n bí wa sí, láàárín ọ̀sà àti òkun. Nígbà yẹn ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sọ́jà, kò tíì sí títì márosẹ̀. Sàídátù lẹ́nu, ó sì lawọ́. Ó lè bá ọ jà láàárọ̀ nítorí igi ìdáná, kó tó di ọ̀sán ó ti fi ewé di ẹja gbígbóná ránṣẹ́ sí ọ, á sì ní kí ọmọ tó gbé e wá sọ fún ọ pé ìjà náà ò tíì parí o. Ọkọ rẹ̀, Odùkọ̀yà, apẹja ni. Àìsàn ló pa á nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo, Waliyat, ṣì ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Ẹja yíyan ni Sàídátù fi tọ́ Waliyat títí ó fi jáde ìwé. Nígbà tí títì dé, tí ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́nà Fríì Sóònù Lẹ́kkí, Waliyat ríṣẹ́ síbẹ̀, ní ilé ìdáná àwọn òṣìṣẹ́. A kó wá sí Awoyaya, èmi gba yàrá kan, àwọn gba èyí tó tẹ̀lé e. Waliyat á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé. Fàrídà, ọmọ Waliyat, ọwọ́ Sàídátù ló wà láti kékeré. Òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń dirun fún un, òun ló ń yọ egungun kúrò nínú ẹja kó tó fi sí i lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ohùn ni Ọlọ́run dìídì fún Sàídátù. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí òṣùpá bá yọ, àwọn ìyá wa á tẹ́ ẹní síta, àlọ́ á bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè pa á, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kan ibi orin, gbogbo ojú á yí sí Sàídátù. Àlọ́ kan wà tó jẹ́ tiwa létí ọ̀sà, ti arúgbó kan tó máa ń jáde nínú omi nírọ̀lẹ́, tó máa ń lọ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹnu ilẹ̀kùn, tó ń wá ọmọ tó dá wà nílé. Tí Sàídátù bá gbé orin arúgbó yẹn, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á wá máa gbọ̀n bí omi tó ń wọ akèrègbè:

*Ta ló jí, ta ló sùn?*
*Ta ló dá jókòó sílé o?*

Àwa ọmọdé á ti lẹ̀ mọ́ra wa. Ẹ̀rù á bà wá dénú ìfun. Ṣùgbọ́n ègbè wà lẹ́nu wa, a ò sì ní jẹ́ kó mí tí a ó fi ké e lé e lórí:

*Gbogbo wa la jí o,*
*A ò dá jókòó, a pọ̀ bí ẹja.*

Bí arúgbó náà bá ti gbọ́ pé a pọ̀, á kọrí sí ọ̀sà, á máa bú wa lọ, àwa náà á sì máa rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wá. Àlọ́ ẹ̀rù ni, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu kan ń béèrè, ẹnu púpọ̀ ń dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa.

Lọ́jọ́ kan ní Awoyaya, ní nǹkan bí ọ̀sán, Sàídátù wà nídìí ààrò, ó ń fẹ́ èèpo àgbọn lábẹ́ ẹja ṣàwá, ó ń kọ orin yẹn sẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe. Èmi ń to ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó máa ń wá ra ẹja fún ìyá rẹ̀, Fikáyọ̀, tó ń gbé ní ẹ̀sítéètì Abraham Adésànyà lápá Ajah, dúró, ó ń tẹ́tí.

Ó ní, "Màmá, orin wo nìyẹn? Ara mi bù ṣìṣì."

Sàídátù ní, "Orin àlọ́ ni. Ṣé wọn kì í pàlọ́ fún yín nínú ilé alájà yín yẹn ni?"

"Wọn kì í pa á, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á fún mi."

"Lójú oòrùn yìí? Ọmọ yìí, ṣé ara ẹ yá? A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Tí o bá pa á lọ́sàn-án, àwọn tó wà nínú ẹ̀ á jáde, wọn ò ní rí òkùnkùn tí wọ́n máa gbà padà sílé. Ẹni tó bá ń kọjá lọ ni wọ́n máa tẹ̀lé. Padà wá nírọ̀lẹ́ tí òṣùpá bá yọ. Mú àwọn àbúrò ẹ dání."

Fikáyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí n lè wá nírọ̀lẹ́. Orin nìkan ńkọ́? Ṣé èèwọ̀ lòun náà?"

Sàídátù yí ẹja kan padà lórí ààrò. "Orin ò léèwọ̀. Ṣé o ò rí i pé ẹja ni mò ń kọ ọ́ fún?"

Bí ọmọ náà ṣe yọ fọ́ọ̀nù nìyẹn, ó gbé e súnmọ́ ẹnu rẹ̀. Sàídátù tún ìborùn rẹ̀ wé, ó wojú mi. "Ìyá Dúró, gbè mí o." Mo ti lanu. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ náà wí: "Rárá, Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbè é. Ohùn yín nìkan ni mo fẹ́." Èmi tí mo ti ń gbè é láti ọmọdé, mo pa ẹnu mi dé bí ẹni tí wọ́n bá níbi àsè tí wọn ò pè é. Sàídátù kọ ọ́, ó kọ ọ́ dáadáa, ó fi ohùn ṣeré bí ẹni tó ń fi irun ṣeré. Fikáyọ̀ tún ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, nínú èéfín.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Àwọn ọmọdé ló máa gbọ́ ọ, Mà. Ẹ máa rí i, wọ́n máa fẹ́ràn yín gan-an."

Odidi ìgbà òjò yẹn ni Sàídátù fi ń yan fanda ní ọjà. "Ohùn mi ti dọ́dọ̀ àwọn ọmọdé," ló ń wí fún oníbàárà. Kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń mú ẹran ìgbẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe ìran wò ni wọ́n mú òun lọ.

Nígbà tí Fàrídà ṣe dáadáa nílé ìwé, Waliyat ra gémù fún un, irú èyí tí wọ́n ń dì mọ́wọ́. Pẹlẹbẹ ni, ó fẹ̀ ju fọ́ọ̀nù lọ, ojú rẹ̀ wà láàárín, ohun tí wọ́n ń tẹ̀ wà lọ́tùn-ún àti lósì. N kò bá wọn jà sí i. Ọmọ ń wa mọ́tò nínú rẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, kò da ẹnikẹ́ni láàmú. Ọ̀dọ̀ Samson ni wàhálà ti wọlé. Samson ni ọmọ Bọ́sẹ̀, obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ó sì ju Fàrídà lọ díẹ̀. Òun ló bá a fi gémù tuntun sínú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe gémù náà ni Ìyá Eléèéfín.

Fàrídà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí méjèèjì, ó ti ilẹ̀kùn. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà nìyí: inú ilé kan tó ṣókùnkùn ló wà nínú gémù, àtùpà kékeré kan ló mú lọ́wọ́, ó ń ti yàrá bọ́ sí yàrá, ó ń wá ọ̀nà àbájáde. Èéfín wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ẹnìkan wá ń kọrin lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé ta ló dá jókòó sílé o.

Èmi àti Sàídátù ò mọ nǹkan kan. Ìta la wà. Sàídátù ní kí òun lọ fún ọmọ lẹ́ja. Ó mú abẹ̀bẹ̀ dání, èéfín ń jáde lára aṣọ rẹ̀, ó sì ń kọrin rẹ̀ bó ṣe máa ń kọ ọ́. Ó ṣílẹ̀kùn.

Igbe tí ọmọ náà ké, mo rò pé ejò ni. Ó ju gémù mọ́ ògiri, ó rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ má pa mí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí!" Sàídátù kúnlẹ̀, ó ń nawọ́ sí i, ó ń pè é ní oríkì rẹ̀. Bó ṣe ń nawọ́ ni ọmọ ń sún mọ́ ògiri. Ìgbà tí Waliyat dé láti ibi iṣẹ́ ló jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, Fàrídà ò jẹ nínú oúnjẹ ìyá àgbà rẹ̀ mọ́. Tí Sàídátù bá gba ẹ̀yìn wọlé, á gba iwájú jáde. Kò gbà kó fọwọ́ kan orí òun, irun rẹ̀ wá rí wúruwùru bí ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà tí òjò pa. Ọmọ tí ó gbé pọ̀n títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀! Àwọn ọmọ ilé yòókù náà gbọ́. Tí wọ́n bá rí Sàídátù tó ń bọ̀ láti ọ̀nà omi, wọ́n á pariwo, "Ìyá Eléèéfín ń bọ̀ o!" wọ́n á túká bí adìyẹ. Ọmọdé ni wọ́n, mo lè dárí jì wọ́n. Àwọn àgbà ni n kò dárí jì.

Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ là á lẹ́nu, níwájú gbogbo ilé. Ó ní, "Èmi ò pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́ o. Mo kàn ń béèrè ni. Báwo ni ohùn ènìyàn ṣe ń dénú gémù?"

Mo ní, "Báwo ni ohùn àwọn tó ń ka ìròyìn ṣe ń dénú rédíò ẹ?"

"Ìyẹn, Mà, wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ ni. Ta ló gba màmá yìí síṣẹ́?"

Mo gba gémù náà, tí ògiri kò bà jẹ́, mo ki ohun ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ bọ etí ara mi. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ohùn Sàídátù, bí èéfín ṣe ń há a lọ́nà ọ̀fun, bó ṣe fa *o* yẹn gùn. Ohun tó wá mú inú mi ru ni pé nígbà tó kọ ọ́ tán, wọ́n dákẹ́. Ibi tó yẹ kí n ti gbè é, kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ pé ọmọ tó ń gbá gémù náà dá wà ní yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó di etí, wọ́n ń bi í pé ta ló dá wà. Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ náà fèsì?

Mo ké jáde pé, "Fikáyọ̀ ni! Ọmọ tó na fọ́ọ̀nù sí i lẹ́nu lọ́jọ́sí!"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Bọ́sẹ̀ ní, "Ìyá Dúró, pé ọmọ ẹ̀sítéètì wá láti Ajah wá gba ohùn arúgbó oníṣàwá? Ẹ mà kú àtilẹ́yìn ọ̀rẹ́ o."

Waliyat gbà wá gbọ́, àbí kí n ní ó fẹ́ gbà wá gbọ́. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. "Ìyá mi, mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló yẹ kó gbà. Fàrídà ni kò gbà. Ọmọ ò jẹun, mi ò sì sí nílé. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ n'Íkòròdú. Àárọ̀ Sátidé la máa lọ."

"Títí dìgbà wo?"

Waliyat bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ. Sàídátù dìde, ó lọ da omi sí iná ààrò, ẹja tí kò tíì jinná wà lórí rẹ̀. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì la gba Ajah lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ẹ̀sítéètì wo agbọ̀n ọwọ́ wa. "Màmá, àwọn tó ń kiri ẹja kì í gba ibí."

Sàídátù ní, "Ṣé o rí ẹja nínú ẹ̀? Òfìfo ni. Ohùn mi tó wà níbí ni mo fẹ́ fi í gbé lọ."

Ọkùnrin náà wò wá bí ẹni pé oòrùn ti pa wá lórí, ṣùgbọ́n ó pe Fikáyọ̀ lórí fọ́ọ̀nù. Ẹ gbà mí, sáré ni ọmọ náà sáré wá! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré, ó di Sàídátù mọ́ra. "Màmá mi! Ṣé ẹ ti gbọ́? Ẹ ti di gbajúmọ̀!"

Ó mú wa wọ yàrá kan tó tutù nini, ibi tó ti ń ṣe gémù, ó tan ojú ńlá kan lára ògiri. Sàídátù jáde níbẹ̀. Ìborùn rẹ̀ ni, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni. Wọ́n yọ ojú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fi èéfín dí ihò rẹ̀. Mo di àga mú. Sàídátù jókòó, ó ń wò ó.

Fikáyọ̀ ní, "Gémù ẹ̀rù ló ń tà jù báyìí, Mà. Ẹni tó gbá a ṣáájú sọ pé òun ò lè wọ ilé ìdáná fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ẹni tó ń dẹ́rù bà wọ́n tó yín!"

Sàídátù wá sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. "Fikáyọ̀, mo mọ ẹ̀rù. Mo ti ń dẹ́rù ba ọmọdé kí wọ́n tó bí bàbá tó bí ẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá dẹ́rù bà wọ́n tán, orí itan mi ni wọ́n ń sá wá sí. Ti ìwọ, ibo ni wọ́n ń sá lọ?"

Ọmọ náà họra. "Ó... wọ́n lè sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Mà. Nínú gémù ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n tó bá pẹ́, ó máa rí wọn."

"Kò sẹ́ni tó ń ṣẹ́gun ẹ̀?"

"Kò sí, Mà. Bó ṣe rí nìyẹn. Èèyàn á kàn máa sá títí á fi mú un."

Ẹnu mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Ṣé ẹ ń gbọ́ ọmọ yìí? Àwọn ìyá wa kọ́ arúgbó inú àlọ́ ní ìwà, wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Ìwọ tú u sílẹ̀, o tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú ẹ̀! Mo lanu láti gbè é, o ní kí n dákẹ́!"

"Màmá, mi ò mọ̀ pé ó ní ìyókù. Ẹ ò pa àlọ́ náà fún mi."

"A ní kí o padà wá nírọ̀lẹ́!"

"Iṣẹ́ ni, Mà."

"Iṣẹ́ ni! Bó o bá ra ẹja tí kò tíì jinná, ṣé o máa jẹ ẹ́ ni?"

Ó bẹ̀bẹ̀, n kò ní fi tirẹ̀ du ú. Ó ní òun lè yí ojú rẹ̀ padà. Sàídátù bi í pé ohùn ńkọ́. Ó ní ohùn ò ṣe é yọ mọ́, pé ó ti wà lórí gémù àwọn èèyàn káàkiri, títí dé ìlú tí òun náà ò dé rí. Sàídátù mi orí. "Mi ò ní kí o yọ ọ́ nílùú tí mi ò mọ̀. Ilé kan ṣoṣo ni mo ní kí o wá. Wá sí Awoyaya láàárọ̀ Sátidé, kí ọmọ-ọmọ mi tó ń sá fún mi nítorí gémù ẹ tó lọ. Dúró níwájú ẹ̀. Sọ fún un pé ìwọ lo ṣe é. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó ní òun á wá. Ó fi ìyá rẹ̀ búra. Ó tún sìn wá dé géètì.

Sátidé dé. A gbálẹ̀, a gbé àga tó dára síta fún un. Oòrùn yọ, ó gòkè. Mo lọ dúró létí títì, mo ń wo gbogbo mọ́tò tó rọra. Fikáyọ̀ ò wá. Títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, kò wá. Ohùn arúgbó wúlò fún un, ojú arúgbó ni kò lè wò.

Nígbà tí mo padà wọlé, Waliyat ti gbé báàgì ọmọ síta. Fàrídà dúró tì í, ó wọ aṣọ ìjáde, irun rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Bọ́sẹ̀ ń fọ aṣọ lẹ́bàá kànga, ó ti fọ aṣọ kan ṣoṣo láti àárọ̀ kí ohunkóhun má baà fo òun dá.

Sàídátù jókòó sórí àga tí a gbé síta fún àlejò. Mo rò pé á bẹ̀bẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Fàrídà, mú gémù yẹn wá kí n rí i. Má wá bá mi tí o ò bá fẹ́. Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, kí o sún sẹ́yìn."

Ọmọ náà wojú ìyá rẹ̀. Ó gbé gémù sílẹ̀ láàárín agbolé bí ìgbà tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún ajá tó ń bunijẹ, ó sáré padà. Sàídátù lọ mú un. Ó gbé e sójú.

Fàrídà ní láti ọ̀ọ́kán, "Ẹ dorí ẹ̀ kodò."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ẹ tẹ èyí tó wà láàárín. Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tó rí roboto."

Gémù náà tàn. Ó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ orin. Sàídátù fojú sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. "Ṣé èmi rèé? Wò ó, Ìyá Dúró, wá wo ìranù. Ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, kò síná! Kí ló ń fẹ́? Ẹja tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ yìí, wọn ò la inú ẹ̀! Ta ló máa ra irú ẹja yìí? Ìwọ arúgbó yìí, wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Mo gbọ́ ohun kan bí ìgbà tí ẹ̀rín bá gba imú jáde. Fàrídà ti fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá àgbà, ó ti rí yín! Ẹ sá!"

"Kí n sá fún ara mi?"

"Ẹ tẹ apá ọ̀tún!"

"Ọ̀tún tèmi àbí tiẹ̀?"

Gémù náà pariwo wàà. Sàídátù jù ú sókè díẹ̀, ó tún hán an. "Ó ti pa mí! Waliyat, wá wò ó, mo ti pa ara mi!"

Fàrídà rẹ́rìn-ín, òun náà ò mọ̀gbà tó rẹ́rìn-ín. Sàídátù ò wò ó, ó tún bẹ̀rẹ̀. Arúgbó yẹn tún pa á. Ó bú u. Ó tún pa á. Ọmọ náà ń pariwo, "Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ lódì! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!" Bó ṣe ń pariwo ló ń gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó dé ibi igbá omi. Ó dé ibi ààrò. Nígbà tó yá, ara ò gbà á mọ́, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó mú àtàǹpàkò ìyá àgbà rẹ̀, ó gbé e lé ibi tó yẹ kó tẹ̀. Ọwọ́ tó ń rùn fún èéfín ni, kò fi sílẹ̀. Mo gbójú kúrò kí n má baà bà á jẹ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni Samson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọrí lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Eléèéfín ti mú Fàrídà o! Ìyá Eléèéfín!"

Fàrídà yípo. Ẹ ò rí bí ojú ọmọ náà ṣe le. "Samson! Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀? Sàídátù lorúkọ ìyá àgbà mi! Tó o bá tún pè wọ́n bẹ́ẹ̀, màá sọ fún gbogbo kíláàsì yín pé o tọ̀ sí ṣòkòtò nígbà tó ò ń gbá a!"

"Mi ò tọ̀!"

"O tọ̀! Ìyá ẹ ló sá ṣòkòtò náà síbẹ̀ yẹn, gbogbo wa rí i!"

Bọ́sẹ̀ tẹ orí ba aṣọ tó ń fọ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n bá ọmọ náà wí, torí Samson jù ú lọ. N kò bá a wí. Ẹlòmíì ló tọ́ kí wọ́n bá wí nínú ilé yẹn, kì í ṣe Fàrídà.

Waliyat gbé báàgì kọ́ èjìká. "Fàrídà, ó yá, ká má pàdánù mọ́tò."

Fàrídà ti tún jókòó, ó gbé orí lé apá ìyá àgbà rẹ̀ kó lè rí ojú gémù dáadáa. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí mọ́tò náà máa lọ. Ìyá àgbà ò tíì kúrò ní yàrá àkọ́kọ́."